Lọ́yà gba owó ìwádìí ilẹ̀, kò sọ kí n rà, kò sọ kí n má rà. Kí ni mo sanwó fún?

Ìyá Tòmíwá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ bá mi dá sí i.

A fẹ́ ra plọ́ọ̀tì méjì lọ́nà Ọ̀fàdà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé. Ilẹ̀ ẹbí ni, kì í ṣe ti ẹ̀sítéètì. Ajẹ́ǹtì ló mú wa débẹ̀. Ọkọ mi ní ká sanwó kíá, èmi ní ó di ìgbà tí lọ́yà bá wò ó. Mo wá lọ́yà fúnra mi, kì í ṣe èyí tí ajẹ́ǹtì fà kalẹ̀. Ó gba ₦350,000 láti ṣe ìwádìí kó sì kọ ìmọ̀ràn rẹ̀ sínú ìwé.

Ó kọ ọ́ lóòótọ́, ojú ewé mẹ́rin. Mo kà á títí, mi ò rí ohun tí mò ń wá. "Ohun tí a rí ní rẹ́jísìrì ilẹ̀ fi hàn pé báyìí báyìí." "Ní ìwọ̀n ìwádìí tí a ṣe." "Ìpinnu kù sọ́wọ́ oníbàárà wa." Kò síbi tó ti kọ ọ́ pé ẹ ra ilẹ̀ yìí, tàbí pé ẹ má rà á.

Mo pè é lórí fóònù. Ó ní, "Mà, gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ti wà nínú lẹ́tà." Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní owó ti bómi lọ. Àwọn onílẹ̀ sì ní bí a kò bá san owó àkọ́kọ́ títí di Sátidé, àwọn á gbé e fún ẹlòmíì.

Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí, àbí wọ́n ti jẹ owó mi? Kí ni ẹni tó sanwó ìmọ̀ràn lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà lọ́wọ́ amòye?

Ọmọ Ìjẹ̀bú Kan

Wọ́n ti jẹ ẹ́, mà. Lọ́yà tó mọ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan ló máa sọ: rà, tàbí sá. Ilẹ̀ mẹ́ta ni bàbá mi rà láyé rẹ̀, kò sí lọ́yà kankan níbẹ̀. Rìsíìtì, ẹlẹ́rìí, obì àti ọtí, ó parí. Ẹ lọ gba owó yín padà.

Arábìnrin Peckham

Ìdí tí mi ò fi lè ra nǹkan nílé mọ́ nìyí. Níbí ní London, nígbà tí a ra fúláàtì wa, sọ̀lísítọ̀, ìyẹn lọ́yà tó ń ṣe ìwé ilé, ló ṣe gbogbo rẹ̀. Kò ní kí n lọ pinnu nǹkan kan. Ó ní ó ti tán, mo gba kọ́kọ́rọ́. Bó bá sì ṣe àṣìṣe, inṣọ́ránsì rẹ̀ á san án fún mi. Àwọn tiwa nílé á gba owó tán, wọ́n á wá máa fi òyìnbó da èèyàn láàmú.

Tìṣà Bódìjà

Ìyá Tòmíwá, ẹ dákun, kí á tó bú lọ́yà yìí, ẹ padà sídìí lẹ́tà rẹ̀. Ẹ wá ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa ẹbí tó ń tà. Ta ni olórí ẹbí? Ìdí igi mélòó, ìyẹn ẹ̀ka ẹbí mélòó, ni? Àwọn wo ló ti buwọ́ lùwé? Kò dájú pé òfìfo ni ojú ewé mẹ́rin. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe fẹ̀yìn tì, mo mọ̀ pé bí èèyàn bá ń wá gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìwé, á fo èyí tó kù láìmọ̀.

Agbẹjọ́rò Aké

Lọ́yà ni mí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mò ń ṣe jù. Mi ò mọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ yìí fún Ìyá Tòmíwá, nítorí náà mi ò gbè sẹ́yìn rẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ dá Ọmọ Ìjẹ̀bú lóhùn. Inú mi dùn pé ilẹ̀ bàbá yín dúró. Òfin ìbílẹ̀ mọ irú rírà bẹ́ẹ̀: owó san, ẹlẹ́rìí jókòó, wọ́n mú ẹni tó rà á dé orí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n láti 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti dé, ẹni tó bá fẹ́ kí ìwé òun pé kò lè dúró lórí obì àti ọtí nìkan. Ọwọ́ gómìnà gbọ́dọ̀ kan títà náà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yá owó ní báǹkì, á sọ ohun tójú rẹ̀ rí.

Ó kan ìbéèrè gan-an wàyí. Ohun tí ẹ rà lọ́wọ́ lọ́yà ni ẹ̀kọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ àti ẹsẹ̀ tó fi rìn. Òun kọ́ ló ń ta ilẹ̀ fún yín, kò sì lè ṣe onídùúró fún ẹbí tí kò bí i. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè rìsíìtì tó fi hàn pé ó dé rẹ́jísìrì. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ pé kó kìlọ̀ fún yín nípa ewu tó bá rí, kó má pa á mọ́ torí pé ó fẹ́ kí òwò náà yọrí. Kó dáhùn ìbéèrè yín, kó pa àṣírí yín mọ́, kí owó yín má dà pọ̀ mọ́ tirẹ̀ nínú àkáǹtì, kó má sì máa ṣe lọ́yà fún ẹni tó ń tà lẹ́yìn yín. Bó bá gba owó yín tó sì ṣe àìbìkítà tó fi kó yín sí gbèsè, ẹ lè pè é lẹ́jọ́. Òfin tó dá iṣẹ́ wa sílẹ̀ sọ pé lọ́yà tó gbowó kò lè kọ ọ́ sínú àdéhùn pé òun kò ní jẹ̀bi àìbìkítà òun. Èyí tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ inú kóòtù yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan ilẹ̀ rírà.

Àmọ́ àìbìkítà ọ̀tọ̀, ohun tí kò sí lákọsílẹ̀ níbì kankan ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ẹbí kò dé rẹ́jísìrì rí. Bí lọ́yà bá wo ìwé tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé kò sí wàhálà, ó sì lè jẹ́ pé wàhálà náà kò tíì wọ ìwé. Ti kóòtù burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: orúkọ àwọn tó ń jà ni èèyàn fi ń wá ẹjọ́, kò sí ìwé kan tí ẹ máa ṣí kó sọ fún yín pé plọ́ọ̀tì yìí wà lẹ́nu ẹjọ́. Ìdí tó fi kọ "ní ìwọ̀n ìwádìí tí a ṣe" nìyẹn. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé kò séwu kankan lórí ilẹ̀ ẹbí, òun gan-an ni kí ẹ sá fún.

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Tìṣà. Kí ni lẹ́tà náà wí nípa ẹbí?

Ìyá Tòmíwá

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti tún un kà, mò ń fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ bí mo ṣe ń lọ.

Ó ní òun dé rẹ́jísìrì ní Abẹ́òkúta, kò sí orúkọ ẹlòmíì lórí ilẹ̀ náà. Ó ní gẹ́gẹ́ bí ìwé sọ́fè tí ajẹ́ǹtì mú wá, kò bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba gbà. Ó ní olórí ẹbí àti aṣojú ìdí igi méjì ti ṣe tán láti buwọ́ lùwé, "ìdí igi kẹta kò tíì yọjú, a sì dámọ̀ràn pé kí owó má kúrò lọ́wọ́ oníbàárà wa títí a ó fi rí wọn." Ó tún ní ẹjọ́ kan wà ní kóòtù gíga lórí ilẹ̀ tó múlé gbe eléyìí, pé orúkọ ẹbí yìí wà nínú rẹ̀, òun kò sì tíì rí àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ní kóòtù.

Lẹ́yìn náà ló wá kọ "ìpinnu kù sọ́wọ́ oníbàárà wa." Ibẹ̀ ni mo dúró sí lánàá.

Tìṣà Bódìjà

Ó mà ti sọ ọ́ o! "Kí owó má kúrò lọ́wọ́ oníbàárà wa." Kí ló tún kù? Ẹ má sanwó ní Sátidé ni wọ́n ń wí. Inú lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin ló bò ó mọ́, ẹjọ́ tí mo lè bá a rò nìyẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Kan

Olórí ẹbí ti gbà, ìdí igi méjì nínú mẹ́ta ti gbà. Ó ti pọ̀ tó. Tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ dúró de gbogbo ọmọ ẹbí Yorùbá kí wọ́n tó fẹnu kò, ẹ máa dúró títí Jésù á fi dé.

Ọmọ Onílẹ̀ Tòótọ́

Ẹ̀yin èèyàn, inú irú ẹbí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ẹ jẹ́ kí n là yín lóye ohun tó wà lẹ́yìn "kò tíì yọjú" yẹn.

Ìyàwó kọ̀ọ̀kan bàbá ńlá wa tó bímọ ni ìdí igi kan. Ilẹ̀ tó fi sílẹ̀, iye ìdí igi ni a fi ń pín in, kì í ṣe iye orí ọmọ, àfi tí olórí ẹbí bá ní ká pín in ní orí-ò-jorí torí ìjà. Ẹjọ́ Dáwódù àti Dáńmọ́lé lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún wa nígbà náà, ní London ní 1962: ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án, ìdí igi ló sì borí. Nítorí náà, ìdí igi tó ní ọmọ kan ṣoṣo, ìpín kan náà ló ní pẹ̀lú èyí tó ní ọmọ márùn-ún. Ẹ má fojú kéré ìdí igi kẹta nítorí pé wọn kò pọ̀.

Bí ìdí igi kan kò bá yọjú níbi títà, ohun mẹ́ta ni mo máa ń rí. Ó lè jẹ́ pé wọn kò tíì fún wọn ní tiwọn nínú owó tí wọ́n ti tà tẹ́lẹ̀, wọ́n ń bínú. Ó lè jẹ́ pé wọn kò gbọ́ rárá pé wọ́n ń ta ilẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ń gbé ìlú míì. Tàbí kí àwọn náà ti mú oníbàárà tiwọn wá sórí plọ́ọ̀tì kan náà. Èyí ìkẹyìn ni kí ẹ gbàdúrà kó má ṣẹlẹ̀.

Ti Sátidé tí wọ́n dá fún yín, ẹ̀rín ni ó pa mí. Gbogbo ẹbí tó ń ta ilẹ̀ ló ní "ẹnìkan tó ń bọ̀ ní Sátidé."

Agbẹjọ́rò Aké

Ọmọ Onílẹ̀ ti sọ ọ́ dáadáa. Kí n fi ti òfin kún un, torí Ọmọ Ìjẹ̀bú rí apá kan rẹ̀ gbà.

Bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò sí títà, òfìfo ni. Bí olórí ẹbí bá tà á láìsí àwọn àgbà ìdí igi, títà náà dúró, ṣùgbọ́n wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n dà á nù. Láti ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959 ni ìlànà yìí ti wà. Ti Ìyá Tòmíwá sún mọ́ ti ìkejì: olórí ẹbí wà níbẹ̀, apá kan àwọn àgbà wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá rà á bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n rà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí àwọn kan ṣì lè dìde sí ni. Bí ìdí igi kẹta bá mọ̀ tí wọ́n sì dákẹ́ pẹ́, kóòtù lè má dá wọn lóhùn mọ́. Ṣé ẹ fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀ kí ẹ máa ṣọ́ bóyá wọ́n á dákẹ́?

Ti ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ tó wà lẹ́nu ẹjọ́, ìdájọ́ máa mú òun náà, yálà ó wà nínú ẹjọ́ tàbí kò sí. Wọ́n ní ilẹ̀ tó múlé gbè é ni. Ta ló wọ̀n ọ́n tó fi mọ̀ pé ààlà kò wọ tiyín? Kí lọ́yà yín lọ gba ẹ̀dà àwòrán náà lọ́wọ́ àwọn rẹ́jísírà kóòtù. Wọ́n máa gbowó, kò pọ̀.

Sọ́féyọ̀ Òkè-Mọ́sàn

Ibi tó kan iṣẹ́ mi ni mo fẹ́ fi ìka tọ́ka sí. "Gẹ́gẹ́ bí ìwé sọ́fè tí ajẹ́ǹtì mú wá." Ṣé ẹ rí gbólóhùn yẹn? Lọ́yà yín ṣe òótọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ náà ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn.

Nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí igun ilẹ̀ wà lórí ìwé sọ́fè ni wọ́n ń mú lọ sí ọ́fíìsì Sọ́féyọ̀ Àgbà láti wò ó bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba. Bí ìwé tí wọ́n fún yín bá jẹ́ ti ilẹ̀ míì tó mọ́, èsì á mọ́, nígbà tí ilẹ̀ tí ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ wà láàárín ohun tí ìjọba ti gbà. Kì í ṣe àlá, mo ti rí i lójú. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni ìjọba ti gbà, tí àwọn ẹbí ṣì ń tà á.

Lọ́yà kì í wọn ilẹ̀. Ẹ má retí ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá sọ́féyọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn sọ́féyọ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ mú un dé orí ilẹ̀, kó wọn èyí tí wọ́n fihàn yín, kó sì mú nọ́ńbà tuntun lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ tún mọ̀ pé ìwé sọ́fè kì í ṣe ìwé ẹ̀tọ́. Ó ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà, kò sọ ẹni tó ni ín. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ẹni tó fi fírémù so sọ́fè kọ́ ògiri, tó ń pè é ní ìwé ilẹ̀.

Bọ̀dá Tẹ́kì

Kí ló dé tí ẹ ń náwó? Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lórí sọ́fè sínú Google Maps lórí fóònù, ẹ rìn débẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó bá ilẹ̀ mu. Ìṣẹ́jú márùn-ún.

Sọ́féyọ̀ Òkè-Mọ́sàn

Bọ̀dá Tẹ́kì, ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ẹ máa ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Minna ni a fi ń wọn ilẹ̀ ní Nàìjíríà. Fóònù yín ń lo ìpìlẹ̀ míì tí wọ́n ń pè ní WGS84. Bí ẹ bá gbé nọ́ńbà kan sínú èkejì láìyí i padà, ó lè yẹ̀ ju 100 mítà lọ. Plọ́ọ̀tì mélòó ló wà nínú 100 mítà? Ẹ máa dúró sórí ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ máa ní ó bá a mu.

Bọ̀dá Tẹ́kì

Mi ò mọ̀yẹn. Ó dáa.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù

Mo ti ń ka gbogbo yín bọ̀. Agbẹjọ́rò Aké, mo gbọ́ àlàyé yín, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lọ́yà, ẹ̀ ń fi èdè sá pamọ́. Ìyá Tòmíwá kò kàwé òfin. Bí dókítà bá gba èsì àyẹ̀wò, kì í kàn kà á fún aláìsàn kó ní "ìpinnu kù sọ́wọ́ rẹ." Á ní iṣẹ́ abẹ ni, tàbí oògùn ni. Ẹ̀yin ló mọ ohun tí "kò tíì yọjú" túmọ̀ sí. Kí ló ṣe tí kò fi kọ ọ́ sókè pátápátá ní ìlà àkọ́kọ́ pé MÀ, Ẹ MÁ SAN KỌ́BỌ̀ TÍTÍ A Ó FI RÍ ÌDÍ IGI KẸTA?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi. Mo fẹ́ ra ilẹ̀ kan, lọ́yà kọ irú lẹ́tà yìí. Mo bi í léèrè lójúkojú, mo ní, "Ọ̀gá, bó bá jẹ́ pé owó yín ni ńkọ́?" Ó ní òun kò ní rà á. Mo ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Mi ò ra ilẹ̀ náà. Ẹlòmíì rà á, ó kọ́lé sí i, ó ń gbé ibẹ̀ títí dòní, kò sẹ́ni tó dà á láàmú. Ṣé ìmọ̀ràn tí wọ́n fún mi burú ni? Mo máa ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yẹn, mi ò tíì mọ èsì.

Agbẹjọ́rò Aké

Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi níbi tó ń dùn mí. Mo gbà pé ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù lọ yẹ kó wà lókè, ní èdè tí oníbàárà gbọ́, ní Yorùbá bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́yà tó kọ lẹ́tà fún oníbàárà bíi pé adájọ́ ló ń kọ ọ́ sí, kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Àléébù wa nìyẹn, ó sì pọ̀.

Ṣùgbọ́n "ẹ má san títí di ìgbà báyìí" àti "ẹ rà á" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Èyí àkọ́kọ́, mo lè sọ ọ́, ó sì yẹ kí n sọ ọ́. Èkejì kì í ṣe ti òfin nìkan. Mi ò mọ̀ bóyá gbogbo owó tí ẹ fi ogún ọdún kó jọ nìyí tàbí owó tí ẹ lè pàdánù kí ẹ sì sùn. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ fẹ́ kọ́lé lọ́dún tó ń bọ̀ tàbí ẹ fẹ́ fi pamọ́ de àwọn ọmọ. Ewu kan náà, ẹnìkan lè gbé e, ẹlòmíì kò lè gbé e.

Ti ilẹ̀ yín tí ẹlòmíì rà, ohun tí lọ́yà mọ̀ lọ́jọ́ náà ni ká fi wọn ìmọ̀ràn rẹ̀. Ó rí ewu, ó sọ ọ́. Pé ewu náà kò tíì ṣẹ kò sọ pé kò sí níbẹ̀. Ní Èkó, bí àpẹẹrẹ, òfin fún onílẹ̀ ní ọdún 12 láti pe ẹjọ́ gba ilẹ̀ rẹ̀ padà. Ẹ má tíì kí ẹni yẹn kú oríire.

Ìyá Ìbejì Ṣàgámù

Hẹ̀n-ẹn. Ìyẹn ni pé kò sí ọjọ́ tí lọ́yà lè jẹ̀bi. Bó bá ṣẹ, ó ti kìlọ̀. Bí kò bá ṣẹ, kò tíì ṣẹ ni.

Agbẹjọ́rò Aké

Ó lè jẹ̀bi mà. Bó bá kọ ọ́ pé òun dé rẹ́jísìrì tí kò sì débẹ̀. Bí ẹjọ́ bá wà tí ó mọ̀, tí kò sọ fún yín. Ọ̀rọ̀ owó ìtanràn nìyẹn, ọ̀rọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń bá lọ́yà wí sì nìyẹn.

Ará Manchester

Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ Arábìnrin Peckham ṣe díẹ̀, kí wọ́n má fi wé ohun tí kò jọ ara wọn. Kì í ṣe pé sọ̀lísítọ̀ ibí gbọ́n ju tilé lọ. Ní England àti Wales, ìjọba ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀ tí ó fúnra rẹ̀ dúró fún: bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, ìjọba lè san owó gbà-má-bínú fún yín. Láti oṣù Kejìlá 1990 ni ó ti di dandan níbi gbogbo pé kí ilẹ̀ tí wọ́n bá tà wọ inú ìwé náà. Ohun tí sọ̀lísítọ̀ yín ń gbé ara lé nìyẹn. Lọ́yà ilé kò ní in.

Kò sì "ṣe gbogbo rẹ̀." Sọ̀lísítọ̀ mi kò fojú kan ilé tí mo rà rí. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun kò yẹ òrùlé wò, kí n lọ gba sọ́féyọ̀ tèmi tó ń yẹ ilé wò. Mi ò gbà á torí owó, ọ̀rinrin inú ògiri ló kí mi káàbọ̀. Ti inṣọ́ránsì, òótọ́ lẹ sọ, ó di dandan fún wọn. Àmọ́ àìbìkítà ni inṣọ́ránsì yẹn ń san, kì í san ohun tí ó ti kìlọ̀ fún yín nípa rẹ̀.

Arábìnrin Peckham

Mo gbà. Èmi náà gba lẹ́tà gígùn kan, mi ò kà á.

Ìyá Tòmíwá

Mo ti dé o. Mo pe lọ́yà náà padà. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò bi í pé ṣé kí n rà. Mo bi í nípa ìdí igi kẹta, nípa àwòrán ilẹ̀ inú kóòtù, àti bóyá ó rí sọ́fè míì yàtọ̀ sí ti ajẹ́ǹtì. Ó fara balẹ̀ dá mi lóhùn, ó tó wákàtí kan. Ó ní àgbà ìdí igi kẹta ń gbé Ṣàgámù, wọn kò bá àwọn tó kù sọ̀rọ̀ dáadáa nítorí owó ilẹ̀ kan tí wọ́n tà tẹ́lẹ̀. Ó ní òun kò lè kọ ìyẹn sínú lẹ́tà torí pé àhesọ ni, òun kò tíì rí bàbá náà.

Ó ní òun lè lọ bá wọn, kí òun sì lọ gba àwòrán náà ní kóòtù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni, a máa fi ₦150,000 kún un. Ọkọ mi ní "mo sọ ọ́ fún ẹ." Ajẹ́ǹtì ń bínú, kò gbé fóònù mi mọ́. Olórí ẹbí ní tirẹ̀ ní kò sí wàhálà, wọ́n ní ìpàdé ẹbí ní ìparí oṣù, ká jẹ́ kó di ìgbà náà. Sátidé ti kọjá lọ, ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ṣé kí n san ₦150,000 yẹn?

Agbẹjọ́rò Aké

Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni lóòótọ́, ìrìn sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san, kí ó kọ ohun tí owó náà wà fún sílẹ̀: àwọn wo ló máa rí, ìwé wo ló máa mú bọ̀, ìgbà wo. Kí ẹ sì bi í nísinsìnyí iye tó máa gbà láti kọ ìwé títà bí ọ̀rọ̀ bá yọrí. Ti ìyọ̀ǹda gómìnà kò sí nínú owó lọ́yà, ìjọba ló ń gba ìyẹn. Ẹ fi sínú ìṣirò yín láti ìsinsìnyí, ẹ má jẹ́ kó bá yín lójijì.

Sọ́féyọ̀ Òkè-Mọ́sàn

Mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n èmi á kọ́kọ́ wọn ilẹ̀ ná. Bó bá bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba, ìdí igi mẹ́wàá ìbáà buwọ́ lù ú, asán ni. Kí ló dé tí ẹ máa fi ₦150,000 wá bàbá kan ní Ṣàgámù nígbà tí ẹ kò tíì mọ̀ bóyá ilẹ̀ wà fún títà?

Ọmọ Onílẹ̀ Tòótọ́

Sọ́féyọ̀, ẹ fẹ́ wọn ilẹ̀ ẹbí láìsọ fún ẹbí? Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò yẹn á gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ yín, wọ́n á tún gbowó. Ẹ jẹ́ kí olórí ẹbí fúnra rẹ̀ rán ẹnìkan tẹ̀lé yín lọ. Bí ó bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ wọn ohun tó fẹ́ tà fún yín, ẹ ti gba èsì láìná kọ́bọ̀.

Ìyá Tòmíwá

Èyí wọ̀ mí lọ́kàn. Mo ti pe olórí ẹbí, ó ní ká wá ní Ọjọ́bọ̀, ọmọ òun á mú sọ́féyọ̀ lọ sórí ilẹ̀. Mo ní kí lọ́yà dúró ná títí èsì sọ́fè á fi dé. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí n fi nọ́ńbà tuntun ránṣẹ́ sí òun kí òun fi wé ti inú kóòtù. Sọ́féyọ̀ Òkè-Mọ́sàn, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni mo máa ní kí wọ́n fún mi, ìwé náà lódindi tàbí nọ́ńbà nìkan?

Sọ́féyọ̀ Òkè-Mọ́sàn

Nọ́ńbà òpó igun kọ̀ọ̀kan ti tó fún àyẹ̀wò. Ẹ má tíì ní kí wọ́n tẹ ìwé jáde ní orúkọ yín, owó ọ̀tọ̀ ni, ẹ kò sì tíì ra ilẹ̀.